Lẹ́tà Onígáàsì Tí Wọn Ò Ṣí Mọ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó kẹ́yìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń ta sítóòfù, sílíńdà àti rọ́bà gáàsì. Onígáàsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, òórùn rọ́bà tuntun ló sì máa ń kí ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, á béèrè bóyá o fẹ́ máa gba lẹ́tà òun lórí ímeèlì. Bí o bá gbà, á kọ orúkọ rẹ sílẹ̀, á sì ṣèlérí fún ọ.

"Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ohun tí mi ò bá lè lò nílé mi, mi ò ní sọ pé kí ẹ rà á."

Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi mú ìlérí yìí ṣẹ. Ó kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń fi ìfófòó ọṣẹ pa rọ́bà lára láti mọ̀ bóyá gáàsì ń jò. Lọ́jọ́ kan, ó kọ̀wé pé kí ẹnikẹ́ni má ra sítóòfù kan tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù òun fúnra rẹ̀, nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń pa á kò dúró dáadáa. Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ kángun síra bi í bóyá iṣẹ́ ti sú u ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni èrò ti ń wọ́ wá. Orúkọ tó wà nínú ìwé rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ẹni àkọ́kọ́ tó forúkọ sílẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, ìdí nìyẹn tó fi ń pè é ní màmá. Kò sí ọjọ́ Ẹtì kan tí kì í fèsì. Á yìn ín, á sì ka àṣìṣe inú lẹ́tà náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ó ṣì wà ní kíláàsì.

2.
Nígbà tí ọjà kò tà dáadáa mọ́, ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn oníṣòwò sọ fún Onígáàsì pé àkọlé lẹ́tà rẹ̀ ti tutù jù. Ó ní ohun tó bá dẹ́rù ba ènìyàn ni ènìyàn máa ń sáré ṣí.

Ó gbìyànjú ẹ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sókè lẹ́tà pé: ÌKÌLỌ̀, ILÉ YÍN WÀ NÍNÚ EWU. Ìkòkò tuntun tó fẹ́ tà ló wà nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, àwọn tó ṣí i di ìlọ́po méjì. Inú rẹ̀ dùn dé ìdí ọkàn. Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi di mẹ́ta lọ́sẹ̀, "ìkìlọ̀ ìkẹyìn" sì dé nígbà méje láàárín oṣù kan.

Obìnrin aláṣọ kan wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. "Onígáàsì, ọṣẹ ṣì wà lára mi tí mo fi sáré jáde nílé ìwẹ̀. Àṣé ìkòkò ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ẹ ṣáà ṣí i?"

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé, ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Onígáàsì máa ń wo orúkọ àwọn tó bá lọ. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sí láàárín wọn rí. Lóòótọ́, màmá náà kì í fèsì mọ́, ṣùgbọ́n Onígáàsì gbà pé ojú àgbà ló ń dùn wọ́n. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gbọ́n òun bá ṣì wà níbẹ̀, nǹkan ò tíì bàjẹ́.

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rọ́bà kọ̀wé sí i. Àwọn rọ́bà onílà àwọ̀ ewé tí wọ́n kó jáde kẹ́yìn ń sán bí ooru bá kàn wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má lò wọ́n mọ́.

Onígáàsì yẹ ìwé ọjà rẹ̀ wò. Ó ti tà tó ogójì. Ó jókòó, ó kọ ọ́ kíákíá: ÌKÌLỌ̀, Ẹ MÁ TAN SÍTÓÒFÙ YÍN. Ó fi ránṣẹ́, ó sì tẹjú mọ́ fóònù. Lẹ́yìn wákàtí méjì, nínú ẹgbẹ̀rún méjì àti àbọ̀ tó kù nínú ìwé, àwọn tó ṣí i kò pé ọgọ́ta.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ní nọ́ńbà wọn. Nígbà tó kan nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló fi irú rọ́bà náà ta màmá lọ́rẹ, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gbọ́n òun á ti ka tirẹ̀, kí òun kọ́kọ́ lé àwọn tí kì í ka lẹ́tà bá.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, màmá náà wọ ilé ìdáná láti gbé omi tíì kaná.

4.
Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin màmá, ẹni tí iná ilé ìdáná náà pa, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé fóònù ìyá rẹ̀ síwájú Onígáàsì. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ìkìlọ̀ wà ní ibi tí ímeèlì ń da ìdọ̀tí sí, kò sí ọ̀kan tí wọ́n ṣí nínú wọn. Ti ọjọ́ Ajé ló wà lókè pátápátá.

Onígáàsì gbé fóònù náà padà fún un. "Kí ló dé tí wọn ò kúkú yọ orúkọ wọn kúrò?"

"Bọ̀dá, wọ́n ní ẹ máa ń wo àwọn tó ń lọ. Wọ́n ní tí ẹ bá rí tiwọn níbẹ̀, á dùn yín. Èmi ni wọ́n ní kí n bá àwọn darí ẹ̀ síbí."

"Ṣé wọ́n bínú sí mi?"

"Rárá o. Wọ́n ní ọjọ́ tí ẹ bá padà sí bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí n sọ fáwọn, àwọn á máa kà á."

Onígáàsì bo ojú rẹ̀. Ọmọ náà kò sọ pé kó má sunkún.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Iye orúkọ tó wà nínú ìwé rẹ kọ́ ni iye ẹni tó ń gbọ́ ọ. Àwọn kan ti dìde kúrò nílé rẹ tipẹ́, ìfẹ́ ló jẹ́ kí wọ́n fi bàtà wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Ẹni tó jẹ́ kí o máa wọ inú fóònù òun ti fi etí rẹ̀ síkàáwọ́ rẹ. Má dẹ́rù bà á láti ta ọjà, má sì purọ́ fún un nítorí kó lè ṣí lẹ́tà. Ẹni tó bá ń fi ìkìlọ̀ ta ìkòkò, lọ́jọ́ tí iná bá dé lóòótọ́, ìkòkò náà ni wọn yóò rò pé ó tún ń tà.