Ọ̀rá Inú Ọbẹ̀ Àǹtí Bertha

Owú jíjẹ ló ba Lucy jẹ́. Ó mọ ọbẹ̀ sè, ó mọ ilé tọ́jú, gbogbo Ìsàlẹ̀ Òsì n'Ìbàdàn ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Adégòkè ọkọ rẹ̀ yin ẹlòmíràn lójú rẹ̀, kò lè gbà á. Àgbà bọ̀, wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà.

Nígbà tó yá, Adégòkè ń mí gúlegúle bó bá ń gun Òkè Mápó. Dókítà ní ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ń dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ọkàn. Ó ní kó jáwọ́ nínú ẹran ọlọ́ràá, kó sì padà wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Lucy yọ ṣùtì. “Ọbẹ̀ tí epo ò léfòó lórí ẹ̀, ọbẹ̀ ahun ni.”

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Àǹtí Bertha. Ẹ̀gbọ́n Adégòkè ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Pópó Yemọja. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹja wá nínú abọ́ tánganran, bó bá ń lọ sí àdúrà ìrọ̀lẹ́. Ara Adégòkè fúyẹ́. Lọ́jọ́ kan ó pọ́n ọwọ́ lá, ó ní, “Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló máa wò mí sàn.”

Ọ̀rọ̀ yìí ta Lucy lára gidi. Ó rò ó pé bí ọ̀rá ò bá dín nígbà àyẹ̀wò, ọbẹ̀ Bertha ni wọn yóò dá lẹ́bi, ọkọ òun yóò sì padà sídìí ìkòkò òun. Ló bá ń yọ́ ọ̀rá màlúù sínú ọbẹ̀ náà, á gbé e kaná, á sì gbé e fún ọkọ rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín.

“Ọbẹ̀ yìí túbọ̀ ń dùn sí i,” Adégòkè á wí.

“Ẹ̀gbọ́n yín náà ni kẹ́ ẹ kí,” Lucy á dáhùn.

Ọjọ́ àyẹ̀wò ò tíì pé tí Adégòkè fi di àyà mú ní Bẹẹrẹ, tó ṣubú lulẹ̀. Wọ́n sáré gbé e dé ọsibítù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ mú gan-an. Àǹtí Bertha wá gba abọ́ rẹ̀, ó sì ṣí i. Ọ̀rá funfun ti dì bo ọbẹ̀ tó kù.

“Lucy, ẹ̀fọ́ àti ẹja ni mo sè. Níbo lọ̀rá yìí ti wá?”

Lucy bẹ̀ ẹ́. “Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n padà sídìí ìkòkò mi ni.”

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Adégòkè yè é, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ò padà bọ̀ sípò. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Lucy ṣe, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Pópó Yemọja ló kó lọ. Lucy wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ tí kò lọ́ràá. Ó gbé e lọ bá ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Adégòkè ò ṣí i. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbé e padà fún un.” Lucy sì gbé abọ́ náà padà sílé bó ṣe gbé e wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má fi epo wọn ìfẹ́. Ọ̀rá tó ń dì lójú ọbẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́ ò ṣe é fi ṣeré, ó ń ṣe ọkàn ní jàǹbá. Ẹ dín in kù, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja, ẹ sì gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu. Bí ẹlòmíràn bá sì ń tọ́jú ẹni yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń jowú olùtọ́jú, aláìsàn ló ń pa.