Odídẹrẹ́ Tí Kò Gbe Orin

Ẹ má bi mí ní kókó àlọ́ yìí o, ẹ ṣáà bá mi gbe orin. Ó dá lórí Odídẹrẹ́ onímọ̀ ìwé.

Àgbébọ̀ adìyẹ ń pàlọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó dá orin: "Àwòdì ń bọ̀!"

Àwọn ọmọ gbè é, "Abẹ́ ìyẹ́ ìyá wa!" wọ́n sì sá wọbẹ̀.

Odídẹrẹ́ tó jókòó tì wọ́n kò gbè. "Ẹ dúró ná, ta ni olú ẹ̀dá ìtàn? Níbo ni ibùdó ìtàn?"

"Àwòdì ni! Àgbàlá wa níbí ni! Gbe orin, ìwọ ọmọ yìí!" ni Àgbébọ̀ ké.

"Kí wá ni kókó ìtàn?"

Ni Àwòdì bá já ṣòòrò wálẹ̀, ó fa ìkóódẹ Odídẹrẹ́ kan tu. Kíá, Àgbébọ̀ fi ìyẹ́ fà á mọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Odídẹrẹ́ wí lábẹ́ ibẹ̀, "ẹ tún orin yẹn dá."