Euloge Kò Dúró De Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ̀yin ará, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn.

1.

Ọmọ Yoko, lábẹ́ Sakété, ni Euloge. Oko ẹ̀gẹ́ ni Ìyániwúrà, ìyá rẹ̀, fi rán an lọ sí ilé-ìwé títí ó fi di onímọ̀ nípa òkun. Kùtọnú ló ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wo àwòrán òkun tí sátẹ́láìtì ń yà láti òkè. Ewéko kan wà nínú òkun tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Òun ni oúnjẹ ẹja. Tó bá ti pọ̀, omi á di àwọ̀ ewé, sátẹ́láìtì á sì rí i.

Àmọ́ àwọ̀ nìkan ló ń rí. Àwọn kan nínú ewéko yìí ní májèlé. Nítorí náà, Huguette, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, a máa wọ ọkọ̀ lọ sójú òkun láti bu omi náà, kí wọ́n lè mọ irú èyí tó wà níbẹ̀. Àdéhùn ibi iṣẹ́ wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan síta àyàfi tí ohun tí àwòrán fi hàn àti ohun tó wà nínú omi bá ṣọ̀kan.

Euloge kò fẹ́ràn àdéhùn yìí. Lójú tirẹ̀, ọkọ̀ máa ń fi iṣẹ́ òun falẹ̀, bí iṣẹ́ bá sì dára, Huguette ni wọ́n ń kọ́kọ́ yìn.

2.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, gbogbo etíkun di àwọ̀ ewé nínú àwòrán. Inú Euloge dùn. Ilé iṣẹ́ ràdíò kan ní Pobè ní kó wá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún aráàlú ní èdè wọn. Huguette pè é láti orí ọkọ̀. Ó ní òun ti bu omi, ohun tí òun rí nínú rẹ̀ kò fi òun lọ́kàn balẹ̀, kí ó dúró kí àwọn dé èbúté, kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

"Àwòrán mi mú gbogbo òkun," ni Euloge wí. "Ìgò omi díẹ̀ ni tìrẹ."

"Àwọ̀ lo rí, Euloge. O ò tíì mọ ohun tó jẹ́."

Ó pa fóònù, ó lọ sí Pobè. Lórí ràdíò, ó ní oúnjẹ ẹja ti pọ̀ nínú òkun, ohunkóhun tó bá ti ibẹ̀ jáde lásìkò yìí á sanra. Damien, tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, bi í bóyá ìṣáwùrú òkun tí wọ́n ń ha kúrò lára àpáta náà dára láti jẹ. Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ló yẹ kó ti sọ pé òun kò mọ̀.

"Ẹ jẹ ẹ́ láìfòyà," ló sọ.

3.

Mọ́rìnọ́lá, ẹ̀gbọ́n Euloge, ń ta ẹja yíyan ní ọjà Pobè. Ó gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀, ó sì ń fi yangàn lọ́jà. Nígbà tí ọkọ̀ Kùtọnú kó ìṣáwùrú òkun dé, ó ra díẹ̀, ó gbé e lọ fún ìyá wọn ní Yoko láàárọ̀. Kò dúró jẹun, ó fẹ́ tètè padà sọ́jà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Huguette ti gúnlẹ̀, ó ti yẹ omi wò. Ewéko tó ní májèlé ni, irú èyí tí ìṣáwùrú òkun ń jẹ. Ó kìlọ̀ fún àwọn tó wà létíkun, ṣùgbọ́n ìṣáwùrú kan ti kúrò níbẹ̀, nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Euloge nìkan sì ló mọ ohun tó ti sọ ní Pobè. Huguette pè é, kò gbé e. Ó tún pè é. Euloge rí orúkọ rẹ̀ lójú fóònù, ó dojú fóònù náà délẹ̀ lórí tábìlì. Ó rò pé ìjà ló fẹ́ bá òun jà.

Ìyániwúrà se ìṣáwùrú náà, ó jẹ ẹ́. Kò pẹ́, ó sọ fún Hospice, aládùúgbò rẹ̀, pé ètè òun ti kú tipiri, ọwọ́ òun náà sì ń kú lọ. Hospice fi alùpùpù gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Sakété. Kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó dé, kò lè mí mọ́.

Mọ́rìnọ́lá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Kò pariwo.

"Ohùn rẹ ni mo gbọ́," ló sọ. "Ìwọ lo ní ká jẹ ẹ́."

Euloge ń retí kí ẹkún wá. Ẹkún kò wá. Ó ń wo ẹnu dókítà tó ń sọ̀rọ̀, kò sì gbọ́ nǹkan kan.

4.

Euloge kò dúró ti òkú. Ó wọ takisí lọ sí Pobè, ó ní kí Damien jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ó ní òun ti ṣì wọ́n lọ́nà, májèlé wà nínú ìṣáwùrú òkun, kí ẹni tó bá ní in nílé lọ rì í mọ́lẹ̀. Damien ní kí ọ̀gá má bínú, èwo ni kí àwọn ará ìlú gbà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì?

"Ìyá mi jẹ ẹ́ láàárọ̀ yìí," ni Euloge wí. "Ó ti kú."

Wọ́n ní àwọn ará Ahoyéyé kan, lẹ́bàá Pobè, da ọbẹ̀ wọn nù lọ́jọ́ náà.

Wọn kò lé Euloge níbi iṣẹ́. Ó ṣì ń wo àwòrán òkun. Bí ó bá lọ sí Yoko, á jókòó sí àgbàlá ìyá rẹ̀, á jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀, kò ní mọ adùn rẹ̀. Mọ́rìnọ́lá ń kí i bí ẹni ń kí àlejò.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mi. Bí ohun tí ẹ mọ̀ kò bá tíì pé, ẹ má sọ ọ́ bí ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀. Bí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró. Bí ó bá pè yín, ẹ gbé fóònù. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi ìgbéraga sọ kì í kọ́kọ́ bá àwọn ọ̀tá yín. Àwọn tó fẹ́ràn yín ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà á gbọ́.