Abẹ́rẹ́ Màmá

Mẹkáníìkì tún tú páǹpù epo ọkọ̀ àtijọ́ kan, ìgbà kẹta lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ó gbé rọ́bà inú rẹ̀ sókè sí oòrùn, ihò tíntín kan sì ń tàn níbẹ̀.

"Mẹkáníìkì yẹ̀yẹ́!" Bàbá tó ni ọkọ̀ pariwo láti orí àga. "Rọ́bà tuntun tí mo rà, o tún ti bà á jẹ́!"

Màmá, ìyàwó rẹ̀, tó ń bá wọn tọ́jú rọ́bà sínú yàrá, gbé òmíràn wá. Mẹkáníìkì rọra sọ fún un pé, "Mọ́mì, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi lu èyí o."

"Èmi ni." Màmá fa abẹ́rẹ́ yọ létí gèlè.

"Ẹ̀yin kẹ̀! Ẹ wá ń wò ó bó ṣe ń bú mi bí ẹni láyin?"

"Gba èyí, mi ò tíì lù ú. Fi sí i, wàá rí ìdí ẹ̀."

Tìbínú-tìbínú ni Mẹkáníìkì fi to páǹpù náà padà, ó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ bú ramúramù.

Bàbá fò dìde bí ọmọ ogún ọdún. "Mẹkáníìkì, jókòó síwájú! Èmi ni màá wà á dé títì."

Bó ṣe ń bọ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó géètì, ó ṣí fìlà. "Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o! Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Òpó ò fèsì.

"Agbéraga," Bàbá kùn, ó sì ń táràrà wá ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Mẹkáníìkì pa ẹ́ńjìnnì, ó nawọ́ sí Màmá.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ yẹn dà?"