Mùstàfá Nínú Tẹlifíṣàn

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé lọ́dún 1972, Àgbékẹ́ a wọ bùbá rẹ̀ tó dáa jù, a sì pe ọmọ rẹ̀ obìnrin: "Sikirat, gbé ọmọ rẹ pọ̀n, ká lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ilé Tíṣà Ọdúntán, l'Ókè Baálẹ̀, ni tẹlifíṣàn wà. Fíìmù eré àtijọ́ ni wọ́n máa ń gbé sí i: àwọn ọ̀dọ́ tó fi gìtá dárà n'Íbàdàn lọ́dún 1965, ṣòkòtò wọn fún mọ́ ẹsẹ̀, bàtà wọn ń dán. Mùstàfá ló wà láàárín. Bó bá ti fọwọ́ kan gìtá, tó rẹ́rìn-ín, tó ju ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, yàrá a hó yèè. Sikirat náà a pàtẹ́wọ́ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ayọ̀ gidi ni.

Ọkọ̀ ti pa Mùstàfá lójú ọ̀nà Ìwó lọ́dún tó kọjá, nígbà tí oyún Sikirat pé oṣù mẹ́fà. Ìbàdàn ni wọ́n sin ín sí. Ọ̀rẹ́ Mùstàfá kan ló yọ́ ọ̀rọ̀ náà sọ fún Sikirat, Sikirat sì ní kó fi Kùránì búra pé màmá kò ní gbọ́. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí arúgbó bí, ta ni yóò túfọ̀ rẹ̀ fún un? Òtítọ́ korò, Sikirat sì gbé e mì.

"Màmá, ó ń ṣeré yẹn lọ́wọ́ báyìí n'Íbàdàn ni," ni ó máa ń wí. "Ó ní kí n kí yín. Iṣẹ́ ni ò jẹ́ kó wálé."

"Mo rí i," ni Àgbékẹ́ máa ń dáhùn, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára Sikirat. "Ṣé inú rẹ dùn?"

"Ó dùn, màmá."

Lọ́sẹ̀ kan, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan yọjú. Ó ní kí àwọn òǹwòran bá òun kẹ́dùn ikú ọ̀kan nínú àwọn onígìtá náà. Ṣùgbọ́n ikọ́ gbé Àgbékẹ́, ó wú u kíkankíkan títí ọkùnrin náà fi dákẹ́. Sikirat sáré bu omi wá, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, ó gba ilé Àáfà Mùyídéènì, ìmáàmù àdúgbò, lọ.

"Àáfà, ikọ́ ò lè gbà wá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ dákun, ẹ bá mi túfọ̀ fún màmá pé Mùstàfá ti kú."

Àáfà fi tẹ̀súbáà rẹ̀ sílẹ̀.

"Sikirat, láti ọdún tó kọjá ni màmá rẹ ti ń gbé sàárà Mùstàfá wá síbí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tó ń bẹ̀ mí pé ọmọ jòjòló ṣì wà lẹ́yìn rẹ, kí n má jẹ́ kó dé etí rẹ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ti kú."