Ọmú Gbẹ Nílé Búrẹ́dì

Èmi ò mọ òfin, n ò mọ̀wé. Ẹnu tí mo fi ń jẹ̀kọ ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ bá mi ka èyí dé ìsàlẹ̀, ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí ẹnì kankan kẹ́ ẹ tó kà á tán, bí ìṣe yín.

1. Fadékẹ́mi ti Abíjàn dé, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ẹ̀jìgbò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ìjọ ni. Nílé búrẹ́dì, ààrá ni. Láti ìdájí di ìrọ̀lẹ́, òṣìṣẹ́ kan ò gbọdọ̀ fìdí kan àga. Bóṣù bá parí, á fi búrẹ́dì àná dí owó wọn. "Ṣé ẹ ò ní jẹun nílé ni?" Bẹ́ẹ̀ òfin ní owó ni kí a fi san owó iṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ sì máa sinmi. Òfin kẹ̀? Ó ní tòyìnbó nìyẹn.

2. Ọmọpẹ́ tó ń po fúláwà níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á gbé ọmọ wá láti Ìsúndunrin lórí ọ̀kadà, á dúró níta. Omi ọmú á ti rin aṣọ Ọmọpẹ́.

Á bẹ Fadékẹ́mi: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fún un lọ́mú díẹ̀."

"Ṣé fúláwà máa dúró dè ẹ́ ni? Nígbà tí mo bí tèmi, ta ló ní kí n sinmi?"

Irọ́ ni. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń gbé oúnjẹ bá a nígbà náà.

3. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Peculiar ọmọ Fadékẹ́mi, tóun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pè láti Abíjàn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Fadékẹ́mi gbé ohùn fóònù sókè, kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé òun lọ́mọ lẹ́yìn odi.

"Màmá, ọ̀gá mi ò jẹ́ n fún ọmọ lọ́mú. Àyà ń dùn mí."

"Ìkà obìnrin wo nìyẹn? Ṣé òun ò mu ọmú dàgbà ni?"

Gbogbo ọwọ́ dúró nínú fúláwà. Débọ̀ tó ń ṣọ́ ààrò wolẹ̀. "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ó jọ pé a mọ obìnrin yẹn."

Ojú gba Fadékẹ́mi tì, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ó pa fóònù. "Ọmọpẹ́, lọ fọ́mọ ẹ lọ́mú."

"Ó ti gbẹ, mà. Ògì lọmọ ń mu báyìí."

4. Kò pẹ́ tí gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi wá iṣẹ́ lọ sí Máṣífà. Ààrò tutù. Ìyá ìjọ wa ti kúrò níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí. Bí ọmọ ẹnikẹ́ni bá sunkún, òun ló ń kọ́kọ́ jáde, kò lè gbọ́ igbe ọmọ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ṣọ́ra. Ìsinmi òṣìṣẹ́ kì í ṣe àánú yín, owó iṣẹ́ kì í sì í ṣe àjẹkù ọjà yín. Ẹni tó fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.

Ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ lónìí, ṣé ó ti jẹun?