Ìwé Ìfẹ́ Tí Fàlílátù Fẹ́ Fi Yan Ẹja

Ọjọ́ ọjà Ẹjìnrìn ni. Mọ̀nsúrát ń ka ìwé ìtàn ìfẹ́ kan nídìí ìsọ̀ ẹja wọn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Fàlílátù já a gbà lójú gbogbo oníbàárà.

"Ẹ gbà mí o! Ẹni tí kì í ṣe ọkùnrin, tí kì í ṣe obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Dára, ló ń kọnu ìfẹ́ sí Kíkẹ́, ọmọge inú ìwé yìí! Màá fi yan ẹja lónìí!"

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín.

Mọ̀nsúrát gbájú mọ́ ẹja tó ń tà. Ó kàn ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ẹ̀san ń bọ̀.

Ọjọ́ ọjà mìíràn pé, Fàlílátù fà á sẹ́yìn ìsọ̀.

"Mọ̀nsú, àbúrò mi àtàtà. Ṣé Dára àti Kíkẹ́ padà fẹ́ra?"

"Inú ìwé tẹ́ ẹ fi yan ẹja?"

"Fìyẹn sílẹ̀! Ojú ìwé mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn ti ya!"

"Èmi ni mo ya á, kí n tó wá kà á lójú yín. Ìwé kẹrin tẹ́ ẹ gbà nìyẹn, abẹ́ ìrọ̀rí yín ni gbogbo wọn wà."

Fàlílátù nawọ́ pé kó fún òun ní èyí tó ya.

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ ó kà á sókè lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, lójú àwọn oníbàárà."

"Kí la tún ń dúró dè? Ọjà òní ò tíì tú!"